Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Pààrọ̀ Ilé Láti Ta Ìwé Wọn ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì

Òǹkọ̀wé tó bá gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, owó òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀. Ẹ ṣírò ó wò. Bí èrè orí ìwé kan bá jẹ́ ₦1,000, tí yàrá òtẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ ₦20,000 lálẹ́ kan, ìwé 20 gbọ́dọ̀ tà lójúmọ́ kẹ́ ẹ tó rí owó oorun nìkan. Epo ọkọ̀ ń bẹ lẹ́yìn, oúnjẹ náà ń bẹ.

Ìdí nìyí tí àwọn tọkọtaya kan fi ń pààrọ̀ ilé: ará Ẹ̀pẹ́ wá sùn sílé wọn ní Ìkòròdú, àwọn náà lọ sùn sí Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó sanwó fún ẹnì kan. Ó dùn létí, àmọ́ ó máa ń fọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Mègádì ò jẹ́ kí wọ́n wọlé, tàbí kí onílé dé lójijì kó bá ojú àjèjì ní pálọ̀, tàbí kí ọ̀rọ̀ iná mítà dìjà. Èmi àti ọkọ mi, tá à ń gbé ní Ìgbógbó ní Ìkòròdú, ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ní Àgbádárìgì, nítorí ìwé ìtàn kan tá a jọ kọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù yọrí, torí pé ó ti yé wa pé àdúgbò là ń pààrọ̀. Ilé kàn wà nínú rẹ̀ ni. Ẹni tẹ́ ẹ ń sùn sílé rẹ̀ ni yóò sọ yín di ẹni mímọ̀ ní ìlú rẹ̀, ẹni mímọ̀ ló sì ń ta ìwé.

Ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀

- Ilé tí ẹ láṣẹ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé àyágbé, ẹ nílò ọwọ́ onílé lórí ìwé. Ilé tí yàrá kọjú síra, tí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ jẹ́ àjọlò, kò ṣe é fi ṣe èyí, nítorí ẹ ò lè fi ohun tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn tọrẹ.
- Yàrá kan, tàbí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, tó ṣe é tì pa.
- Ìwé yín nínú páálí, pẹ̀lú rìsíìtì ilé ìtẹ̀wé. Kí nọ́ńbà ISBN, tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fún èèyàn. Àwọn ilé-ìwé àti ilé ìtàwé kan á kọ́kọ́ yí ìwé náà dà sẹ́yìn wò ó.
- Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé, tí táyà rẹ̀ dára, tó ní ohun ìpaná àti àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ bí ọkọ̀ bá dákú.
- Ìwé àkọsílẹ̀ méjì: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀kan fún ìwé títà. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.
- Ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, tẹ́ ẹ máa fún ẹni tẹ́ ẹ bá pààrọ̀, tí òun náà máa fún yín.
- Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ìpele 1: Ẹ gbàyè lọ́wọ́ onílé àti àdúgbò, kẹ́ ẹ tó wá ẹnikẹ́ni

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á ti bá ará Ẹ̀pẹ́ ṣàdéhùn tán, wọ́n á ti mú ọjọ́, ó wá ku ọ̀la kí wọ́n tó rántí bàbá onílé. Ohun tó máa ń wá sí ọkàn onílé ni pé ẹ ti fi ilé òun háyà fún ẹlòmíràn, ẹ sì ń gbowó lẹ́yìn òun. Ẹ tún ka ìwé àdéhùn ilé yín: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ gbé ilé fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ.

Ẹ má fi fóònù sọ ọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ lọ, nírọ̀lẹ́ tí ara ti tù wọ́n. Ohun tá a sọ fún bàbá onílé tiwa nìyí:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Bàbá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ìwé wa ti jáde, a sì fẹ́ gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. À ń wá tọkọtaya kan níbẹ̀ tó máa wá bá wa gbélé, káwa náà máa sùn sílé tiwọn. A ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní gba tiwa. Bá a bá rí wọn, a ó mú orúkọ wọn wá kẹ́ ẹ tó rí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i, sà.”

Gbólóhùn nípa owó yẹn ló ń tu onílé lára. Ẹ sọ ọ́ kó tó bèèrè. Bàbá tiwa dákẹ́ díẹ̀, ó ní ta ni yóò san án bí wọ́n bá fọ́ sínkì. A ní àwa ni. Ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn onílé, ẹ lọ rí alága ẹgbẹ́ àdúgbò, mègádì tó ń ṣí géètì, àti ẹni tí ògiri rẹ̀ bá tiyín pàdé. Mègádì ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Òun ló máa wà níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí àlejò bá dé, tí fóònù yín sì lè má lọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba àlejò sí Ìkòròdú, ẹ bèèrè ọjọ́ Orò lọ́wọ́ àwọn àgbà. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ tí Orò bá ń jáde lọ́sàn-án, obìnrin kì í jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni àlejò obìnrin kò ní lè wọ ọkọ̀ tàbí lọ sọ́jà. Bí ọjọ́ méjèèjì bá pàdé, ẹ yí ọjọ́ tiyín padà. Ẹ má fi àlejò dánra wò.

*Kẹ́ ẹ tó kọjá ibí:* ìwé tí onílé fọwọ́ sí ti wà lọ́wọ́ yín, mègádì sì lè sọ fún yín láìwo ibì kan pé, “Ẹni méjì ló ń bọ̀, láti Ẹ̀pẹ́.” Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ padà lọ bá a.

Ìpele 2: Ẹ wá ẹni tó ní ìdí láti wá sí ìlú yín

Ìkànnì pàṣípààrọ̀ ilé bíi HomeExchange wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó gba àlejò ti ń rí àmì tí yóò fi sùn sílé ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú. Ó dára fún ẹni tó ń lọ gbafẹ́ ní òkè òkun. Ti ẹni tó ń ta ìwé ní Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀dì nìkan kọ́ lẹ̀ ń wá, ẹ ń wá ẹni tó lè dúró níwájú ọ̀gá ilé-ìwé kó sọ pé, “Àlejò mi ni wọ́n.”

Nítorí náà, ẹ wá a láàárín àwọn tó mọ èèyàn: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìyá ìjọ, ọ̀gá mádárásà. Ẹ bèèrè nínú ẹgbẹ́ yín, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Kó jẹ́ ẹni tí ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ mọ̀ dáadáa. Àjèjì pátápátá léwu. Mọ̀lẹ́bí tó súnmọ́ yín jù náà ní ìṣòro tirẹ̀: kò ní gbà kẹ́ ẹ kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹ ò sì ní lè sọ fún un pé ó fi omi ṣòfò.

Kó sì ní ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dọ̀ yín. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìkòròdú yóò fẹ́ wá lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ ọmọ. Bákan náà ni yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá ní ọmọ níbẹ̀, ẹ ti ní ìdí. Ẹni tí kò ní ìdí kankan yóò yẹ àdéhùn bí òjò bá ṣú lọ́jọ́ ìrìn-àjò.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Bó bá jẹ́ pé ọkọ ló gbà tí ìyàwó rẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ẹ má bá wọn ṣe é. Ẹni tó ni ilé ìdáná ló ni ilé. Ẹ rí i pé ìyàwó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà kejì tá a lọ Àgbádárìgì, ìyá tó ni ilé ló pe èmi fúnra rẹ̀ láti sọ ìkòkò tí wọn kì í fi se ẹ̀pà. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀.

*Ẹ fi èyí wò ó:* ẹ lè dárúkọ ẹni méjì, yàtọ̀ sí àwọn fúnra wọn, tó mọ̀ wọ́n tó sì mọ ilé wọn.

Ìpele 3: Ọjọ́ àbẹ̀wò àti ìwé àdéhùn

Ẹ mú Sátidé méjì. Ní ọ̀kan, àwọn á wá wo ilé yín. Ní èkejì, ẹ ó lọ wo tiwọn. Fídíò lórí WhatsApp ò tó. Kò lè fi òórùn gọ́tà hàn yín, kò sì lè mú yín mọ aládùúgbò. Ọjọ́ yìí gan-an lẹ máa fà wọ́n lọ́wọ́ káàkiri: “Bàbá, àwọn tá a sọ nìyí.” Ọ̀dọ̀ mègádì, ọ̀dọ̀ onílé, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta búrẹ́dì. Wọn á ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́hùn-ún. Iṣẹ́jú 40 ni gbogbo rẹ̀, òun ló sì máa gbà yín lọ́wọ́ ohun tó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kọ ìwé àdéhùn. Ojú ewé kan ti tó, lédè tó yé gbogbo yín. Kó sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ọjọ́ àti aago tí wọlé-jáde yóò jẹ́. Iye èèyàn tí yóò sùn síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn. Bóyá àlejò lè wá, àti aago tí yóò lọ. Ohun tí kò ṣe é fọwọ́ kàn. Oúnjẹ: ohun tó wà nínú firíìsà ńkọ́, ti ta ni? Ohun tó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Àwa máa ń kọ ọ́ pé ohun tó bá bàjẹ́ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, onílé ni. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ àlejò tó fọ́, àlejò ni.

Ẹ dúró dáadáa síbi ọ̀rọ̀ iná, nítorí òun ló ba ti àkọ́kọ́ tiwa jẹ́. A dé ilé náà ní Ẹ̀pẹ́, a ò wo mítà. A lo fáànù, a lọ aṣọ, a sì sùn. Nígbà tí àwọn onílé padà, yúnìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n ní púpọ̀ làwọn fi sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò. A san ohun tí wọ́n ní ká san, àmọ́ ọ̀rẹ́ náà ò gbóná mọ́, ilé-ìwé méjì tí wọ́n ti ṣèlérí láti mú wa dé sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìjà yúnìtì iná lè pa ọjà ìwé.

Ẹ ṣe é báyìí: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ ya fọ́tò ojú mítà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tún yà á. Ẹ gba nọ́ńbà mítà wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ lè ra iná lórí fóònù bó bá tán lóru. Àdéhùn tó rọrùn jù ni pé kí kálukú dá iye tó bá padà. Jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́? Ẹ wọn epo inú rẹ̀ pẹ̀lú igi, ẹ kọ ọ́. Omi: ta ló ń tan pọ́ǹpù, ìgbà wo ló máa kún? Táǹkì tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ láàárọ̀ kan ti sọ ilé ẹnìkejì di ẹrẹ̀. Gáàsì: ẹ gbọn sílíńdà, ẹ sọ bó ṣe kù sí.

*Ìpele yìí ti parí* bí ẹ̀dà ìwé náà bá wà lọ́wọ́ ìdílé méjèèjì pẹ̀lú ọwọ́ èèyàn mẹ́rin lórí rẹ̀. Ọwọ́ mẹ́rin, kì í ṣe méjì.

Ìpele 4: Ẹ tún ilé yín ṣe

Èyí kò gùn. Ẹ kó ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí, wúrà, aṣọ òkè àti oògùn sínú yàrá tẹ́ ẹ máa tì, kẹ́ ẹ sì sọ fún àlejò pé ẹ tì í. Ẹ má jẹ́ kó máa rò pé ilẹ̀kùn náà há. Ẹ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ kọ ìwé kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná: bọ́tìnnì pọ́ǹpù, bí wọ́n ṣe ń ṣí kọ́kọ́rọ́ tó máa ń há, ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí, aago tí géètì àdúgbò ń tì, nọ́ńbà oníná, nọ́ńbà onípáìpù, nọ́ńbà aládùúgbò, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ̀kẹta á wà lọ́wọ́ aládùúgbò.

*Ìdánwò rẹ̀:* ẹ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí kò gbé inú ilé náà rí, kó fi ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nìkan tan pọ́ǹpù kó sì sè tíì. Ibi tó bá ti pè yín bèèrè nǹkan, ẹ kọ ọ́ kún un.

Ìpele 5: Ojú ọ̀nà àti páálí

Ìwé A5 olójú-ewé 200 máa ń wọ̀n tó gíráàmù 260 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹyọ 40 nínú páálí kan á tó kílò 11, èyí tí obìnrin lè gbé gun àtẹ̀gùn láìpariwo. Ẹ má di 80 sínú páálí kan; ìsàlẹ̀ rẹ̀ á já. Ẹ fi ọ̀rá wé e nínú, nítorí afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà máa ń mú kí èèpo ìwé ká.

Láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, ẹ gba Ìtóìkín. Ẹ jáde láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn má bàa bá yín níbi tí títì bá ti bàjẹ́, ẹ má sì fi alẹ́ rìn ín bẹ́ ẹ bá jẹ́ àlejò ọ̀nà náà. Láti Ẹ̀pẹ́ sí Àgbádárìgì ni iṣẹ́ wà: ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tó kún fún ọkọ̀ àjàgbé àti táńkà, ẹ gba Ajah wọ Èkó, ẹ tún bọ́ sí Máìlì 2, Okokomaiko, Àgbárà, títí dé Àgbádárìgì. Àwọn èèyàn máa ń rò pé Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà ni, àwọn á sì ta ìwé ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní Àgbádárìgì nírọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ padà sílé ní Ìkòròdú, ẹ sùn ọjọ́ méjì, ẹ tún gbéra. Ìrìn-àjò méjì ni.

Ní ọ̀nà Àgbádárìgì, àwọn aṣọ́bodè, àwọn wọléwọ̀de àti ọlọ́pàá á dá yín dúró léraléra, pàápàá nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé, torí pé ọ̀nà ẹnubodè Sẹ́mẹ̀ ni. Páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ló máa ń fa ìbéèrè. Ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi okùn so ó. Ẹ fi rìsíìtì ilé ìtẹ̀wé sórí páálí àkọ́kọ́. Ọkọ mi á wálẹ̀, á kí wọn, á ṣí páálí, á fi fọ́tò wa lẹ́yìn ìwé hàn wọ́n. A kì í pẹ́ níbẹ̀. Nígbà kan, ọ̀gá kan ra méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ìbáà jẹ́ láti Ẹ̀bùté Ìkòròdú tàbí láti Àgbádárìgì lọ sí erékùṣù Gberefu, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kẹ́ ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa. Kí ìwé tẹ́ ẹ máa gbé má ju báàgì kan lọ.

*Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ tẹ́ ẹ dé:* páálí pé iye rẹ̀, fọ́tò mítà ti lọ, ẹ sì ti kí aládùúgbò apá ọ̀tún àti apá òsì.

Ìpele 6: Ẹ ta ìwé láti ojú ilé lọ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn sáré lọ sọ́jà láàárọ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹja ni wọ́n wá rà, ọwọ́ wọn tutù, ojú wọn wà lára òṣùwọ̀n. Ìyá ẹlẹ́ja á ra ìwé fún ọmọ rẹ̀, àmọ́ ìgbà tó bá rí yín nílé aládùúgbò rẹ̀ lẹ́yìn ọjà ni yóò rà á.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ẹ pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ síwájú ilé, ẹ ka orí kan fún wọn. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ àwọn òbí kọ́kọ́. Ẹ ka ibi tó dùn jù, ẹ dúró síbi tí wọ́n á ti bèèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ni yóò lọ sọ ọ́ nílé. Ní Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sọ Ògù, ìyẹn èdè Ẹ̀gùn, nílé kí wọ́n tó sọ Yorùbá, nítorí náà ọkọ mi máa ń kà díẹ̀díẹ̀, ọmọ kan tó dàgbà á sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ìwé tà níbẹ̀ ju bá a ṣe rò lọ. Àwọn òbí ń fẹ́ kí ọmọ gbọ́ èdè méjèèjì.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, ilé-ìwé. Kí ẹni tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ilé ti pe ọ̀gá ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ilé-ìwé aládàáni, onílé-ìwé ló ń pinnu. Ẹ lọ bá a. Ti ìjọba, ẹ má wọ kíláàsì láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá gbà yín wọlé láìní ìwé náà lè bọ́ sínú wàhálà nítorí yín, ẹni tó sì mú yín lọ ni ojú á tì. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ìsinmi tó dé. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò kò dára.

Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ kí, ẹ jókòó, ẹ fún ọ̀gá ní ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ní kó kà á kó tó sọ ohunkóhun. Ẹ má sọ iye rẹ̀ títí ó fi bèèrè. Bó bá ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kí òun bá yín tà á, ẹ fi mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì kọ ìwé: iye tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, iye owó ẹyọ kan, ìpín tirẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá gbowó. Kó fọwọ́ sí i. Ìwé àfisílẹ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀, ẹ ti fi tọrẹ nìyẹn.

Ní Àgbádárìgì, ẹ bi onílé yín ní ọjọ́ ọjà Agbalátà kẹ́ ẹ tó ṣètò ọjọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá kì í sí nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbára lé àwọn tó wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó wà ní Marina. Wọ́n wá wo ilé tí wọ́n kọ́ ní 1845, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. A dúró níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ìwé méjì ló tà.

Owó. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín máa gbowó. Tiwa, èmi ni. Ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá jọ ń gbà á, ìṣirò ò ní pé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara yín lójú. Fún ẹni tó bá fi trànsífà sanwó, ẹ má wo álẹ́ẹ̀tì tó fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀, ẹ má sì wo èyí tó wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín kẹ́ ẹ rí i pé owó inú àpò ti lé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dára, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ kó tó gbé ìwé lọ.

Láàárín gbogbo èyí, ẹ fi ọ̀sán kan sinmi. Mi ò ní fi èyí pa mọ́: tọkọtaya tó bá ń ta nǹkan pa pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìsinmi á bá ara wọn jà nínú ilé onílé, aládùúgbò á sì gbọ́.

*Ìṣirò alalẹ́:* títà + àfitọrẹ + àfisílẹ̀ + èyí tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tẹ́ ẹ gbé wá. Nígbà kan a gbé 120 lọ: a ta 61, a fi 7 tọrẹ, 24 wà ní àfisílẹ̀, 28 kù. Ó pé. Bí kò bá pé lálẹ́, ẹ wá a lálẹ́ náà. Láàárọ̀, ẹ ò ní rántí mọ́.

Ìpele 7: Ẹ dá ilé padà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ gbá ilé, ẹ fọ balùwẹ̀, ẹ fọ aṣọ ibùsùn tàbí kẹ́ ẹ san owó alágbàfọ̀, ẹ da ìdọ̀tí nù, ẹ pọn omi kún. Ẹ ra iná tẹ́ ẹ lò padà, ẹ ya fọ́tò mítà, ẹ fi ránṣẹ́. Bí nǹkan bá fọ́, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bá a. Ife kan fọ́ lọ́wọ́ mi ní Àgbádárìgì. Mo ra mẹ́fà tó jọra, mo sì kọ lẹ́tà kékeré sí i. Ìyá náà ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ife yẹn títí di òní.

Ẹ lọ dágbére fún mègádì, aládùúgbò, àti onílé bó bá ń gbé nítòsí. Ẹ fi ìwé kan sílẹ̀ lórí tábìlì pẹ̀lú orúkọ àwọn onílé nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ fi ọwọ́ yín kọ.

Bẹ́ ẹ bá dé ilé tiyín, ẹ má tíì tú ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilé wò, ẹ wo mítà, kẹ́ ẹ pè wọ́n lálẹ́ náà láti dúpẹ́. Bí ohun kan kò bá bára mu, ẹ sọ ọ́ nínú ìpè kan náà, pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Ẹ má fi WhatsApp sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kà láìgbọ́ ohùn yín máa ń le ju bẹ́ ẹ ṣe ní in lọ́kàn.

*Ó ti yọrí* bí àwọn fúnra wọn bá bèèrè ìgbà tẹ́ ẹ tún ń bọ̀.

Ó wá ku ìwé àfisílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ pe ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ bèèrè iye tó tà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ bẹ ẹni tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ilé kó bá yín kó èyí tó kù sílé rẹ̀, kó kà á, kó sì sọ iye rẹ̀ fún yín. Á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ lò, ẹ ó sì bá a níbẹ̀.